Àwòṣe Tí Mo Mú Wá Láti Yábà

Èmi ò ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, àìnísùúrù mi ló bí i. Nígbà tí mo parí ètò agùnbánirọ̀, mo wáṣẹ́ káàkiri Èkó títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu, kí n tó bọ́ sọ́wọ́ bàbá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Pápá Àjàó. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé rìsíìtì, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ̀nyẹn la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀gá fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni ìwé ìròyìn olójú-ewé mẹ́jọ kan tí wọ́n ń tẹ̀ lóṣooṣù, lédè Yorùbá, fún àwọn ará ìlú wọn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó. Ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó joyè, ẹni tó kú, kò sí èyí tí a kì í gbé jáde. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ìròyìn lẹ́nu àwọn èèyàn, kí n kọ ọ́ kó ṣeé kà.

Ọ̀gá ti ń to lẹ́tà olójé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Rúlà irin kan wà tí kì í kúrò lápò àyà wọn. Wọ́n lè fi odidi òwúrọ̀ kan wọn àlàfo tó wà láàárín ìròyìn méjì, wọ́n á fà á sún mọ́ra, wọ́n á tún tì í sẹ́yìn, wọ́n á wá wojú mi, wọ́n á ní, "Ó ku bíńtín." Ẹ̀jẹ̀ mi á máa hó. Bíńtín wo? Ta ló ń fi rúlà ka ìwé ìròyìn? Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni wọ́n, mo sì nílò iṣẹ́. Màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ẹlòmíràn tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá, ọmọ ìyá wọn obìnrin. Ìyá là ń pè wọ́n. Yàrá wọn wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lórí àga onígi kan, tí wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. "Ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní ọmọ wọn ni mo máa fẹ́. Tí mo bá ní, "Ìyá, èmi ò rí i rí o," wọ́n á ní, "Ìwọ ṣáà múra sílẹ̀. Ó dára lọ́kùnrin. Kò ga ni."

Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n bí. Ó ti lọ sí òkè òkun. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́tà ń wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dúró, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí Ìyá ní ká kọ sí àdírẹ́sì tó lò kẹ́yìn ń padà wá bá wa bí wọ́n ṣe lọ, òǹtẹ̀ òyìnbó lára wọn. Ìgbàkígbà tí tẹlifóònù orí tábìlì Ọ̀gá bá dún, ọwọ́ Ìyá á dúró lórí ẹ̀wà. Wọn ò ní mira títí Ọ̀gá á fi dáhùn, tí á sì hàn pé oníbàárà ni, ẹni tó fẹ́ kí á bá òun tẹ káàdì. Nígbà náà ni wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo ń rí i lójoojúmọ́, ó sì máa ń dùn mí wọra.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 sí 1999 ń parí lọ, bébà gbówó lórí débi pé ìwé ìròyìn wa kú. Ọkùnrin ará ìlú wọn kan tó wá ṣọdún Kérésì láti òkè òkun ló yà kí wọn, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò gba bébà. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé níbi iṣẹ́, ìròyìn ilé ni wọ́n sì ń wá kiri."

Ọ̀gá ro ọ̀rọ̀ náà títí ọkùnrin náà fi mu omi tán. Wọ́n ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ìyá gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pè mí. "Ìyàwó mi, ohun tí wọ́n ń sọ yẹn, ṣé ẹni tó wà lọ́hùn-ún á rí i?"

"Á rí i, Ìyá, tó bá ṣáà ti ṣí i."

"Ṣé á rí fọ́tò níbẹ̀?"

"Á rí fọ́tò."

Wọ́n gbọn ìdọ̀tí ẹ̀wà kúrò lára ìró wọn. "Ẹ fi tèmi sí i. Iwájú pátápátá ni kí ẹ fi í sí. Tó bá rójú mi, á pè."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, á pè, bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ á mọ́. Ọ̀gá wò mí, èmi náà wo Ọ̀gá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ pé nítorí àwọn ará ìlú la ṣe ń ṣe ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tí a ń ṣe é fún.

Èmi ni wọ́n rán, torí èmi ni mo kàwé. Ilé kọ̀ǹpútà kan wà ní Sábó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yábà. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, fáànù kan ṣoṣo, èèyàn á sì tò sórí bẹ́ǹṣì títí yóò fi kàn án. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń tà á. Mo ṣàlàyé ohun tí mo wá ṣe fún ẹni tó ni ibẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí bíi káfíńtà.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí òfìfo. Àwọn òyìnbó kan wà tó ń ya ojú ìwé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Àyè àkọlé ti wà níbẹ̀, àyè ìròyìn ti wà níbẹ̀, àyè fọ́tò ti wà níbẹ̀. Ẹ ó kàn kó tiyín sí i ni. Àwòṣe là ń pè é. Ẹ wá èyí tó bá wù yín, ẹ gbé e sínú dísíkì."

Mo ní, "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo ti ń rò ó pé wákàtí kan ni. Háà! Èmi tí mo ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́!

Ojú ìwé kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣí tán. Òkè ni á ti bẹ̀rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwọ á máa wò ó, owó rẹ á máa lọ. Tó bá wá ṣí tán, wàá rí i pé ẹni tó ń sin ajá ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ìwé ìròyìn ò pọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, iná ń jó létí rẹ̀ yíká, iná tó ń mì lóòótọ́. Inú mi dùn sí i, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi, mo gbé e lọ sí Pápá Àjàó.

Ọ̀gá tẹ́ bébà náà sórí tábìlì òkúta tí wọ́n fi ń to lẹ́tà. Wọ́n yọ rúlà. Wọn ò tíì wọn ohunkóhun tí wọ́n fi gbójú sókè. "Kí nìyí?"

"Iná ni, sà. Tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń mì."

"Ìwé ìròyìn wo ló ń jóná? Padà lọ."

Mo padà lọ. Mo mú òmíràn wá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí òru, tí ìràwọ̀ wà lára rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀gá béèrè bóyá àwọn àjẹ́ ni yóò máa kà á. Mo mú òmíràn wá. Ọ̀gá wọn àyè àkọlé rẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn èèyàn tiwa, Olóyè, Alàgbà, Ajíhìnrere, Onímọ̀ ẹ̀rọ, kí á tó dé orúkọ wọn gan-an, àyè ti tán, ṣé ká wá máa gé oyè olóyè kù ni? Ìkẹrin ní àpótí ńlá kan lókè, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni kí á máa kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí. Mo ṣàlàyé ìyẹn fún Ìyá.

Ìyá ní, "Àwọn tó ń kà á lọ́hùn-ún, ṣé ilé wọn ò ní fèrèsé ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi yọ gíláàsì ojú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Padà lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Oníkọ̀ǹpútà ti mọ̀ mí débi pé tó bá ti rí mi lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò ti máa rẹ́rìn-ín. "Àǹtí àwòṣe, ẹ ti dé?" Inú á bí mi, màá fẹ́ sọ pé n ò wá mọ́. Nígbà náà ni màá rántí bí ọwọ́ Ìyá ṣe máa ń dúró lórí ẹ̀wà, màá jókòó.

Láàárín ìgbà yẹn, Ìyá lọ ya fọ́tò wọn. Èmi ni mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ní Mushin. Wọ́n wé gèlè tó dára jù nínú àpótí wọn, wọ́n kun àtíkè díẹ̀. Onífọ́tò ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Ìyá kọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi wọ́n pé kí ló dé, ṣebí ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pa wá lójoojúmọ́.

"Tí mo bá rẹ́rìn-ín, á rò pé ó dẹ̀ mí lọ́rùn," wọ́n ní. "Kò ní pè."

Ọjọ́ tí mo rí èyí tó tọ́, ó kù díẹ̀ kí n pariwo. Funfun ni, ó mọ́ tónítóní, ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́lẹ́ bí ìwé ìròyìn wa àtijọ́, àyè àkọlé rẹ̀ gba olóyè mẹ́rin. Lápá ọ̀tún lókè, àyè fọ́tò kan wà níbẹ̀ tó tóbi dáadáa. Ìlà dúdú tó nípọn ló yí àyè fọ́tò náà ká.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Mo rí ìlà dúdú náà. Ta lọmọ Yorùbá tó ti ka ìwé ìròyìn rí tí kò mọ ohun tó jẹ́ tí wọ́n bá fi ìlà dúdú yí fọ́tò èèyàn ká? Òkú ni. Èmi fúnra mi ti to irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún ìdílé tí n ò lè kà mọ́. Ọkàn mi sọ fún mi pé, ìwọ ọmọ yìí, wò ó dáadáa. Mo bi oníkọ̀ǹpútà bóyá a lè yí àwọ̀ ìlà yẹn padà. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àkókò mi tán, àwọn èèyàn sì wà lórí bẹ́ǹṣì, kí n wá lọ́la. Ó ní, "Òyìnbó ò ka ìyẹn sí nǹkan kan, Àǹtí. Ìgbàlódé ni."

Lọ́la! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń gbọ́ lọ́la. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi."

Yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ti ń tán lọ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ohun tó dúdú lórí kọ̀ǹpútà, eérú ló jáde lórí bébà. Ọ̀gá tẹ́ ẹ sórí òkúta, wọ́n wọ̀n ọ́n lóròó, wọ́n wọ̀n ọ́n níbùú, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ìlà tí wọ́n rí yí àyè fọ́tò ká kò ju eérú lọ. Wọ́n fi rúlà sápò. "Ó ṣe," ni wọ́n wí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí látìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n sọ nígbà náà pé, sà, dúdú ni lórí kọ̀ǹpútà o. Inú mi ti dùn jù. Ó ti rẹ̀ mí jù. N ò sọ ọ́.

A kó ìròyìn sí i. A fi fọ́tò Ìyá sáyè rẹ̀. Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ ọ̀rọ̀ tí a fi sísàlẹ̀ rẹ̀: "Abiyamọ tòótọ́, igi lẹ́yìn ọgbà ìdílé wa." Nísàlẹ̀ pátápátá, a fi nọ́ńbà tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù sí i. Nígbà tó jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi nìkan ló rí i. Orúnkún Ọ̀gá ò gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ti Ìyá kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Mo ní kí wọ́n tẹ èyí tó ti ní fọ́tò sórí bébà, eérú náà ló tún jáde; òun ni Ìyá gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n ní òun á máa fi tún ojú ara òun wò.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, "Ó ti rí i?"

"Ìyá, ayé fẹ̀ o."

"Mo mọ̀ pé ó fẹ̀. Ó ti rí i?"

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, ọ̀sẹ̀ kejì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án ọjọ́rú kan, Ọ̀gá ti jáde lọ ra ọ̀dà ìtẹ̀wé, tẹlifóònù dún, mo gbé e.

Ohùn ọkùnrin kan wá ní, "Ìgbà wo ni?"

"Ìgbà wo ni kí ni, sà?"

"Ìgbà wo lẹ sin wọ́n?" Ẹkún gba ohùn rẹ̀. "Mo rí i nínú ìwé ìròyìn yín. Mo rí fọ́tò ìyá mi."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá wà lórí àga, ẹ̀yìn wọn ló kọ sí mi, ọwọ́ wọn ti dúró. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò kú o! Ìyá ń bẹ láyé. Wọ́n wà níwájú mi níbí!"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ńṣe ló tún wá ń sunkún sí i? "Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn," ló ní. "Nígbà tí bàbá mi kú, mo wà níléèwé, ohun kan náà lẹ sọ fún mi. Ẹ ní wọ́n ń bẹ láyé, ẹ ní kí n máa bọ̀. Ìgbà tí mo dé ìgboro ni mo tó rí èrò nílé wa."

Òótọ́ ló sọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ta ní ń sọ fún ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ pé òbí rẹ̀ ti kú? A ó ní ara wọn ò yá díẹ̀. A ó ní wọ́n ń béèrè rẹ̀. Bí mo ṣe ń búra tó pé Ìyá wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni mo túbọ̀ ń sin wọ́n.

Mo ké, "Ìyá, ẹ wá o! Ẹ wá kíá!"

Wọ́n ti dìde kí n tó ké. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ káàkiri, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bọ̀. Wọ́n gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi. Wọn ò kí i, wọn ò béèrè ta ni. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì, oríkì tí n ò ní kọ síhìn-ín, wọ́n kì í ti òun ti ti bàbá rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pọn ọmọ. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe pariwo: "Ìyá mi! Yéè, ìyá mi o!"

"Èmi ni," Ìyá dáhùn. "Mo wà. Ta ló ní mo kú?"

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò dé etí mi mọ́. Ti Ìyá nìkan ni mo ń gbọ́. Wọ́n ní, "Ojú ń tì ọ́ kẹ̀?" Wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní, "Ìwé ìgbélùú wo?" Wọ́n tẹ́tí pẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló béèrè owó lọ́wọ́ rẹ? Mo ní, ta ló béèrè owó? Ohùn rẹ ni mo ń béèrè láti ọdún mẹ́fà, ọmọ yìí. Ohùn rẹ nìkan." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà tó dà. N ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbójú sí.

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí Ọ̀gá ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀, ìlà dúdú, yíǹkì tó tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá ò bá mi jà rí bí wọ́n ṣe bá mi jà lọ́jọ́ yẹn. "O fi ẹ̀gbọ́n mi sínú pósí láàyè! O rí i, o mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́!" Wọ́n ń fi ọwọ́ yí orí ká, wọ́n ń ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. "Dìde kúrò níwájú mi. Lọ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kí ilẹ̀ yìí má ṣú bá a níbẹ̀."

Mo gbé báàgì mi, ojú mi ti ṣókùnkùn fún omijé. Ìyá bá mi lẹ́yìn ilé, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, dúró. Ìlà dúdú yẹn ló mú un pè?"

"Ẹ forí jì mí, Ìyá."

"N ò bínú. Mo ń bi ọ́ ni. Tí kì í bá ṣe ìlà yẹn, ṣé á pè?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ti ń rí ìwé ìròyìn wa bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Ìyá, Ìyá sì ti rò ó fún mi. Ó ti rí fọ́tò náà fún ọjọ́ mẹ́jọ kó tó lè gbé fóònù.

"Má yọ ọ́," Ìyá wí.

"Ìyá! Èèwọ̀ ni! Ọ̀gá á pa mí!"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá rẹ nílé yìí. Mo ní má yọ ọ́. Tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ pé mo wà, á tún dákẹ́. Jẹ́ kó máa rí i. Jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà á díẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi. "Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kọ̀ǹpútà yẹn, mo jókòó, mo sì yọ ọ́. Mo ní kí oníkọ̀ǹpútà bá mi pa ìlà náà rẹ́ pátá, kó má ku ìlà kankan, kó ku ojú Ìyá nìkan. Ó ní yóò pẹ́ díẹ̀. Mo ní kó pẹ́. Nígbà tí mo dé, Ọ̀gá bi mí, mo ní mo ti yọ ọ́. Ìyá bi mí lẹ́yìn ilé, "Ó wà níbẹ̀?" Mo mi orí pé ó wà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú rinjú parọ́ fún wọn.

Ọmọ náà ti ní Sátidé lòun á máa pè. Sátidé tó tẹ̀ lé e, tẹlifóònù ò dún, àfi ti oníkàlẹ́ńdà. Sátidé kejì, kò dún. N ò lè jẹun. Mo ń rò ó pé Ìyá ló mọ ọmọ wọn jù, mo ń rò ó pé tí mo bá ti fi ìlà yẹn sílẹ̀ ni. Ọ̀gá ń wọn nǹkan, n ò sì bínú.

Sátidé kẹta, ó dún. Ọ̀gá gbé e, wọ́n gbọ́, wọ́n na ọwọ́ tẹlifóònù sí Ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá sáré wá. Ọmọ wọn ò ní nǹkan gidi kan tó fẹ́ sọ. Ó bi wọ́n ohun tí wọ́n jẹ. Wọ́n ní ẹ̀kọ ni àti mọ́ínmọ́ín. Ó bi wọ́n bí orúnkún ṣe ń ṣe wọ́n. Wọ́n bi í bóyá òtútù ibẹ̀ ṣì ń mú un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ títí, tí wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó parí, Ìyá wá jókòó tì mí. Wọ́n tẹ́ ẹnu sétí mi kí Ọ̀gá má bàa gbọ́. "O ṣeun, ìyàwó mi. O ṣeun tí o ò yọ ọ́."

Mo ti sọ fún yín pé n ò ní sùúrù. N ò lè gbé e mì. Mo ní, "Ìyá, mo ti yọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ ní kí n má yọ ọ́ gan-an ni mo ti yọ ọ́. Kò sí ìlà dúdú kankan níbẹ̀ mọ́. Fọ́tò yín nìkan ló ń rí."

Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n wò mí. "Kò sí níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá."

"Ó sì pè?"

"Ó pè, Ìyá. Òun fúnra rẹ̀ ló pè."

Ìyá gbé ìdí ìró wọn bo ojú, wọ́n sì sunkún níbẹ̀ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, títí Ọ̀gá fi pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́.